Kí wọ́n tó lé ọmọ kúrò níléèwé

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí ní ọ̀pọ̀ iléèwé girama nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n á bá igbó tàbí ìgò oògùn ikọ́ nínú báàgì ọmọ tó wà ní SS2. Wọ́n á mú un lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé, wọ́n á nà án lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á sì fún un ní lẹ́tà pé kó lọ mú bàbá rẹ̀ wá. Bàbá á dé, á dọ̀bálẹ̀, á bẹ̀bẹ̀ títí, àwọn aláṣẹ iléèwé á ní ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀bẹ̀. Ọmọ á gba ilé lọ. Kí oṣù tó parí, ó ti wà ní gáréèjì, lọ́dọ̀ àwọn gan-an tó ń ta ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé e.

Lójú iléèwé, ọ̀rọ̀ ti parí. Iṣu kan tó jẹrà kò gbọdọ̀ ba èyí tó kù nínú abà jẹ́, òbí àwọn ọmọ yòókù kò sì ní fẹ́ kí ọmọ tó ń mugbó jókòó ti ọmọ tiwọn. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ìbẹ̀rù àsán. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sábà bi ọmọ náà títí tó fi kó ìwé rẹ̀ jáde. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ fún un? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn lásìkò náà?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ìwádìí tí àjọ UNODC, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró lábẹ́ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, ṣe pẹ̀lú àjọ tó ń ṣètò ìṣirò ní Nàìjíríà, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019, fi hàn pé ó tó mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láàárín ẹni ọdún 15 sí 64, tó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Wọn ò ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn. Nínú gbogbo ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ìyẹn ilẹ̀ Yorùbá, ló pọ̀ jù: ènìyàn 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ tó ní kodéènì wọ̀lú. Síbẹ̀, tramadol, kolorado àti àpòpọ̀ tí àwọn ọmọ ń pè ní omi gọ́tà ṣì ń da ìgboro láàmú.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ Èkó àti Ìbàdàn nìkan nìyí ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ní ìgbèríko, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ oko wà tó ń gbé tramadol mì kó má baà tètè rẹ̀ wọ́n, ojú ọmọ ló sì ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù oògùn wà nítòsí ọjà tí kì í béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ ẹni tó bá ti mówó dání.

Oògùn olóró nìkan sì kọ́. Ẹ wo ọmọ tó máa ń sùn ní kíláàsì. Tíṣà rí i, ó pè é ní ọ̀lẹ, ó ní kó kúnlẹ̀ kó gbé ọwọ́ sókè. Ó lè jẹ́ pé aago mẹ́rin ìdájí ló ti dìde bá ìyá rẹ̀ din àkàrà. Ó lè jẹ́ pé kò jẹun láti ọ̀sán àná. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ọmọ girama kò sí níbẹ̀. Ó lè jẹ́ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni kò jẹ́ kó rí oorun sùn mọ́jú. Ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá, tí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹbí tí kò fẹ́ ẹ. Ó sì lè jẹ́ ọmọbìnrin tí ẹnì kan nínú ilé ń yọ́ wọlé tọ̀ lóru, tí kò mọ ẹni tó lè sọ fún. Ìṣòro wọn kò jọra, ṣùgbọ́n ìyà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà: kúnlẹ̀, gbọ́wọ́ sókè.

Kì í ṣe pé àjèjì ni ètò ìdámọ̀ràn nílẹ̀ yìí. Ìbàdàn gan-an ni wọ́n gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1959, àwọn sísítà ìjọ Àgùdà tó ń darí St. Theresa's College ní Òkè-Àdó pe àwọn tó mọ tinú-tòde iṣẹ́ oríṣiríṣi wá bá àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n á dì mú. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ jáde lọ́dún 1977, ètò ìdámọ̀ràn wà lára ohun tí wọ́n ní kó wà níléèwé.

Èyí tó kù nílẹ̀ báyìí kò tó nǹkan. Iléèwé wà tí kò ní olùdámọ̀ràn, ẹni tí àwọn ọmọ ń pè ní kánsẹ́lọ̀, rárá. Níbi tó bá sì wà, òun nìkan ló máa ń dojú kọ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọ, wọ́n á tún ní kó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Bíbélì tàbí ẹ̀kọ́ ìjọba nítorí pé tíṣà kò tó. Yàrá tó yẹ kó ti máa gbọ́ àṣírí ọmọ, àga tó kán ni wọ́n kó sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ mọ kánsẹ́lọ̀ mọ́ kò ju pé òun ló ń sọ ẹni tí yóò ṣe sáyẹ́ǹsì àti ẹni tí yóò ṣe áàtì.

Àwọn kan ti ṣe é dáadáa níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí i pé bí wọ́n bá ran òṣìṣẹ́ tó ń mutí yó lọ́wọ́, ó sàn ju kí wọ́n lé e lọ. Àwọn iléèwé wá mú ọgbọ́n náà lò. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1990 sọ ọ́ di dandan kí irú ètò bẹ́ẹ̀ wà fún ọmọ tó bá kó sínú wàhálà ọtí tàbí oògùn. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Wọ́n á ṣa àwọn díẹ̀ jọ, wọ́n á kọ́ wọn níṣẹ́ náà: ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá, tíṣà, kánsẹ́lọ̀, nọ́ọ̀sì. Tíṣà tó bá ṣàkíyèsí pé ìwà ọmọ kan yí padà á kọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí sílẹ̀: ó ń pa iléèwé jẹ, máàkì rẹ̀ ti já wálẹ̀, kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré mọ́. Kò gbọdọ̀ kọ ọ́ pé ọmọ náà ń mugbó tàbí pé orí rẹ̀ dà rú; iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Wọ́n á pe òbí, òbí á fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú, wọ́n á wá darí ọmọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀. Bó bá padà dé, wọn ò ní gbójú kúrò lára rẹ̀.

Kò sí èyí tí apá iléèwé tó wà ní Ìsẹ́yìn tàbí Ìkàrẹ́ kò ká nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ló sọ pé ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ètò yìí kàn fẹ́ to igba ojú náà ni, kó má baà jẹ́ pé gbogbo wọn á máa wò, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ̀rọ̀. Ìgbákejì ọ̀gá iléèwé lè jẹ́ alága. Kí tíṣà méjì tàbí mẹ́ta wà níbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn tí ọmọ máa ń sá tọ̀ lọ fúnra wọn (kì í ṣe àwọn tí pàṣán kì í kúrò lọ́wọ́ wọn). Kí nọ́ọ̀sì láti ilé ìlera tó wà nítòsí máa yà lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ náà fi ẹnì kan sílẹ̀.

Ibi tí ètò náà ti lè fọ́ ni ẹnu. Ìlú kékeré ni ọ̀pọ̀ iléèwé wọ̀nyí wà, tíṣà àti ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà lè jẹ́ ọmọ agbo ilé kan náà. Bí ọmọ bá sọ ohun tó ń ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ lọ́jà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ mìíràn kò ní wọ yàrá yẹn mọ́ láéláé. Ẹni tó bá tú àṣírí ọmọ gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí kò ṣeé bò ni kí ẹ̀mí ọmọ wà nínú ewu, tàbí kí ẹnì kan máa fipá bá a lò pọ̀, èyí tí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kà sí ọ̀ràn. Àwọn aláṣẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé nínú ilé ni ọ̀daràn náà wà, kì í ṣe òun ni wọ́n á tún fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí pé kó wá fọwọ́ sí ìwé.

Ìtìjú tún wà. Bí wọ́n bá dárúkọ Aro ní Abẹ́òkúta, wèrè tó ń jẹ nínú ààtàn ló ń sọ sí ọ̀pọ̀ òbí lọ́kàn, wọ́n á sì gbé ọmọ wọn sá. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 1954 tí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí wọn ń bá wọn gbé, wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n ń padà sábúlé lálẹ́. Ohun tí Lámbò rí ni pé ara aláìsàn tètè ń yá bí wọn ò bá yà á kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Iléèwé ni abúlé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Àwọn kan á ní àkẹ́bàjẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi àwọn ọmọ ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń ta oògùn fún ẹgbẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń lò ó, àgbàlagbà tó ń kó o fún un láti tà ló sì yẹ kí àjọ NDLEA wá mú. Ọmọ tó mú ọ̀bẹ wá síléèwé gbọ́dọ̀ kúrò láàárín àwọn tó kù títí wọ́n á fi yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà tó ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra, kò sọ pé kí a na ọmọ tán kí a tilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.

Owó ìtọ́jú ni yóò le jù. Bàbá tó ń gbin ẹ̀gẹ́ kò lè san owó oṣù mẹ́ta nílé ìtọ́jú. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ti dá ètò adójútòfò ìlera sílẹ̀. Ó yẹ kí ìtọ́jú ọmọ iléèwé tí oògùn ti mú wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì gba kánsẹ́lọ̀ síṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń gba tíṣà ìṣirò. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn iléèwé sílẹ̀ fún ọmọ tálákà. Ọmọ-ọmọ àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé wà lára àwọn tí wọ́n ń lé jáde báyìí.

Àwọn iléèwé kò ní láti dúró de ìjọba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, ìpàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kan ṣoṣo ti tó láti yan àwọn márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí wọ́n kó àga tó kán kúrò nínú yàrá kánsẹ́lọ̀, kí wọ́n sì ṣe kọ́kọ́rọ́ sí i. Kí wọ́n fẹnu kò pé wọn ò ní kọ lẹ́tà ìlékúrò fún ọmọ kankan láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ti bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Bàbá tó bá sì gun ọ̀kadà wá láti oko torí pé wọ́n ránṣẹ́ pè é, kí wọ́n fún un ní àga kó jókòó.