Ta Ló Wà Lọ́jà?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà fẹ́ràn láti máa fi òwe yìí gbé ara wọn ga, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sùn ló wà nínú rẹ̀. Ìyá tó pọn ọmọ kò ní ojú lẹ́yìn, kò lè mọ̀ pé ọrùn ọmọ ti wọ́. Òwe náà kò bá a wí. Ẹni tó dúró síbi tó ti lè rí i ló ń bá wí.

Ọrùn ọmọ gan-an ni ọ̀rọ̀ Chernobyl dá lé. Ní òru ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1986, ẹ̀rọ kẹrin iléeṣẹ́ amúnáwá alágbára átọ́míìkì Chernobyl bú gbàù ní Yukréìnì. Lára ohun tí atẹ́gùn gbé lọ ni áyódíìnì tó ní ìtànṣán olóró. Ó bà lé koríko, màlúù jẹ koríko, ọmọ mu wàrà. Ẹṣẹ́ kan wà níwájú ọrùn, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ, tó máa ń fa áyódíìnì mọ́ra. Kò mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí olóró. Ti ọmọdé kéré, oró tó bá kó síbẹ̀ a sì ki ju ti àgbàlagbà lọ.

Wàrà náà kò rùn, kò kan, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Kí ni ìyá ì bá fi mọ̀? Àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn oró náà mọ̀. Wọ́n kó àwọn ará Pripyat, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléeṣẹ́ náà, kúrò lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ abúlé, wàrà ni wọ́n ń mu lọ. Ó di ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún kí Gorbachev, olórí Soviet Union, tó bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn. Ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni agbára áyódíìnì yìí ń dín sí ìdajì. Àsìkò tí wọ́n fi dákẹ́ gan-an ló yẹ kí wọ́n pariwo.

Pólándì kò dúró de ìjọba Soviet ní Moscow. Nígbà tí ẹ̀rọ wọn ta wọ́n lólobó, wọ́n pín omi áyódíìnì fún àwọn ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹṣẹ́ tó ti yó kò ní àyè fún olóró.

Ní 1992, àwọn dókítà Bẹ̀lárúsì, Kazakov àti Demidchik wà lára wọn, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ yìí ń pọ̀ lára àwọn ọmọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan lókè òkun ní ó ti yá jù kó jẹ́ Chernobyl ló fà á. Èyí burú ju ìdákẹ́ àkọ́kọ́ lọ lójú mi: wọ́n fi ọrùn ọmọ han àgbà, ó ń bá ẹni tó fi hàn án jiyàn. Nígbà tó fi di 2005, àwọn tó lé ní 6,000 ní àwọn ilẹ̀ tí oró náà bà lé jù ni wọ́n ti rí àrùn náà lára wọn, nínú àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 nígbà ìjàǹbá náà.

Wọ́n ní àrùn náà gbóògùn, pé 15 péré ló kú nínú wọn títí di ọdún yẹn. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá yọ ẹṣẹ́ náà fún yóò máa lo oògùn lójoojúmọ́ títí ayé, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ìyá rẹ̀ nílò láti gbọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ má fún ọmọ ní wàrà.