Ta Ni Ó Ni Èdè Eré Káàdì?

Nígbà tí Richard Garfield, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà nì, gbé eré káàdì Magic: The Gathering jáde ní ọdún 1993, wọ́n ti sọ ọ̀pọ̀ nǹkan inú rẹ̀ lórúkọ: ìdì káàdì tí à ń fà yọ ni ilé-ìkàwé, ibi tí èyí tí a ti lò ń lọ sì ni itẹ́ òkú. Ṣùgbọ́n kí á máa da káàdì alátakò láti ilé-ìkàwé rẹ̀ sínú itẹ́ òkú, títí tí kò fi ní rí ẹyọ kan fà, tí yóò sì fìdí rẹmi, èyíinì kò lórúkọ. Àwọn tí ń ṣeré ni wọ́n wo káàdì Millstone ti ọdún 1994, tí wọ́n yọ “mill” nínú rẹ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri, kí ilé-iṣẹ́ tí ń gbé eré náà jáde tó tẹrí gbà ní 2020, tí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ sára káàdì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú tèmi.

Èdè àwọn tí ń kó káàdì jọ ni kò wù mí. Lóòótọ́, ẹni tó mọ iyì wúrà là á tà á fún, n kò sì bínú sí ẹni tí ó fi owó gọbọi ra káàdì Black Lotus. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ohun tí káàdì lè ṣe, àfi igun rẹ̀ tí ó ká, etí rẹ̀ tí ó funfun, àti máàkì tí wọ́n fún un kí wọ́n tó sé e mọ́ inú ike. Ìlérí tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ní 1996, pé àwọn káàdì àtijọ́ kan kò ní padà sí ilé ìtẹ̀wé mọ́, ni ó gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ró. Bí ó bá ṣe tèmi ni, wọn ìbá ti yẹ̀ ẹ́.