Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Ìjọ Yan Ọmọ Tí Yóò Rán Lọ sí Yunifásítì

Bí ọmọ mẹ́wàá bá bẹ ìjọ kan pé kí ó rán àwọn lọ sí yunifásítì, tí owó tí ó wà nílẹ̀ kò sì ju ti ẹni méjì lọ, ta ni kí a mú, ta ni kí a fi sílẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Láti Òde Rẹ́mọ títí dé Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́, ó ti pẹ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé ti jọ ń rìn pọ̀. Yunifásítì pàápàá kò jìnnà sí wa mọ́. Ìlíṣàn Rẹ́mọ ni Yunifásítì Babcock wà, èyí tí ìjọ Adventist dá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1959 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méje péré, tí ó sì di yunifásítì ní 1999. Ṣùgbọ́n pé ilé-ìwé wà nítòsí kò sọ pé owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ òbí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń gbójú lé ìjọ. Èrò tèmi ni pé kò tó kí àwọn tí ń yan ọmọ jẹ́ olóòótọ́ nínú ọkàn wọn nìkan. Ìlànà tí gbogbo ènìyàn lè fojú rí ni kí wọ́n máa fi yan ọmọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí ó ni owó náà. Owó ìkórè àti owó igbá ni. Ìyá tí ń ta ata dá nínú rẹ̀, àgbẹ̀ olóbì dá nínú rẹ̀, oníṣòwò ńlá náà sì dá nínú rẹ̀. Bí iye tí wọ́n dá kò tilẹ̀ dọ́gba, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun nìkan ni ó ni àpò náà. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọmọ àwọn tí ń jókòó ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni orúkọ wọn ń jáde lọ́dọọdún, a jẹ́ pé ìyá aláta ni ó ń san owó ilé-ìwé ọmọ olówó.

Ìtàn pẹ̀lú kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọkùnrin kan, ará Òṣogùn, sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Sierra Leone, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. kọ́ ọ ní ìwé. Nígbà tí wọ́n sì dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay sílẹ̀ ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò ní bàbá tí yóò bá ìgbìmọ̀ kankan sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀. Ọmọ náà ni Àjàyí Crowther, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí ó sì ṣe aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Nílé wa níbí, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, pàdánù bàbá rẹ̀ ní 1920. Ó ṣe iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀, ó sì ta igi ìdáná, kí ó lè kàwé. Ọmọ yìí ni ó di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí ìjọba rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Bí ipò bàbá bá ni a fi ń yan ọmọ, irú àwọn wọ̀nyí ni a ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀.

Kí ni kí ìjọ wá ṣe? Èkíní, kí a ka ìlànà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ kí fọ́ọ̀mù tó jáde: iye ọmọ tí a ó mú, irú èsì ìdánwò tí a ń fẹ́, àti bóyá ọmọ ìjọ nìkan ni ó lè gbà á. Ìlànà tí a ṣe lẹ́yìn tí a ti mọ orúkọ àwọn tí ó wá kò yẹ ní pípè ní ìlànà. Èkejì, kí ìdánwò wà, kí ó sì jẹ́ nọ́ńbà ni yóò wà lórí ìwé ìdáhùn dípò orúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò WAEC mọ àǹfààní èyí: ẹni tí yóò máàkì ìwé yín kò mọ ilé tí ẹ ti wá, kò sì bá bàbá yín jókòó nínú ìpàdé. Ẹ̀kẹta, láàrin àwọn tí ó yege, kí a wo ẹni tí àìní rẹ̀ pọ̀ jù. Kí ènìyàn méjì tí kò bá ẹbí ọmọ náà tan lọ sí ilé rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bí ọmọ tàbí ìbátan ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ bá wà lára àwọn tí a ń yẹ̀ wò, kí ẹni náà dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, kí a sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i gbà, kí ó sì ní àyè láti sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà ní, agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó fi owó àti agbára sin ìjọ ni ó yẹ kí ìjọ kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé kó dànù. Ìjọ lè pinnu pé ọmọ ìjọ nìkan ni owó náà wà fún, bí ó bá ti kéde rẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ọmọ ìjọ, a kò gbọdọ̀ ka iṣẹ́ bàbá mọ́ máàkì ọmọ. Bí ìjọ bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà, ọ̀nà tí ó lè gbà ṣe é pọ̀. Kí ó má fi àyè ọmọ aláìní dúpẹ́. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìdánwò kì í fi ìwà hàn, pé àwọn àgbà ni ó mọ ọmọ tí ó níwà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ìwà tí a kò kọ sílẹ̀ kì í pẹ́ di ojúsàájú. Kí a bi olùkọ́ gbogbo ọmọ ní ìbéèrè kan náà, kí ìgbìmọ̀ sì jọ ka ìdáhùn wọn.

Ní ìparí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí gbà kàn yín. Lónìí, ẹ lè wà lára àwọn tí ń gba fọ́ọ̀mù. Ẹ béèrè ìlànà kí ẹ tó béèrè owó, kí ẹ má sì wá ẹni tí yóò bá yín gba ẹ̀yìn wọlé. Lọ́la, ẹ̀yin ni yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀. Nígbà náà, ẹ rántí pé ọmọ tí a kò mú lè gba kámú bí ó bá mọ̀ pé òṣùwọ̀n kan náà ni a fi wọn gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí a tì sẹ́yìn nítorí pé bàbá rẹ̀ kò lókìkí kì í gbàgbé, ìjọ àti ìlú ni yóò sì pàdánù rẹ̀.