Kòkòrò Ló Le, Kì í Ṣe Ara

Bí ìtọ̀ bá ń ta obìnrin kan ní Manigri, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó lo amoxicilline, oògùn tó ń pa kòkòrò, títí tí ìrora kò lọ, wọn á ní oògùn náà ti mọ́ ọn lára jù. Wọn á ní kó pààrọ̀ kápúsù, tàbí kó máa lo méjì dípò ọ̀kan. Ẹni tí kì í lo oògùn á wá fọwọ́ sọ̀yà pé tòun kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé.

Irọ́ ni. Kì í sì í ṣe Manigri nìkan ló wà: nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bi èèyàn tó lé ní 9,700 léèrè lọ́dún 2015 ní orílẹ̀-èdè 12, tí Nàìjíríà wà lára wọn, 76 nínú 100 ló gbà pé ara èèyàn ni oògùn kì í ràn mọ́.

Kòkòrò ló yí padà. Escherichia coli ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àrùn ọ̀nà ìtọ̀, inú ìfun wa ló sì ń gbé. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, ó sì sún mọ́ ihò ìdí, ìdí nìyẹn tí kòkòrò náà fi ń tètè dé àpò ìtọ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá gbé amoxicilline mì, ìbáà ṣe nítorí ikọ́, ó ń pa àwọn kòkòrò inú ìfun tó rọ̀, àwọn tó le á ráyè bí sí i. Àwọn wọ̀nyí ní èròjà tó ń já oògùn náà kó tó ṣiṣẹ́. Wọ́n tún lè fún kòkòrò ìtòsí ní àbùdá tí wọ́n fi ń ṣe é, kódà bí kì í bá ṣe irú wọn.

Ibi tí irọ́ yìí ti ń pani lára jù ni pé ó ń fi ẹni tí kì í lo oògùn lọ́kàn balẹ̀. Kòkòrò náà ń ràn! Ọwọ́ tí a kò fọ̀ ń gbé e, omi tí ìgbẹ́ ṣàn wọ̀ ń gbé e. Ìyá tí kò fẹnu kan kápúsù rí lè gbà á láti ilé aládùúgbò.

Oògùn orí àtẹ ń dá kún un. Ayédèrú, tàbí èyí tí oòrùn ti bà jẹ́, kì í lágbára tó, àwọn kòkòrò líle ló sì ń ṣẹ́ kù. Alexander Fleming, tó ṣàwárí penicillin, ti kìlọ̀ nípa oògùn tí kò tó lọ́dún 1945. Cotonou ní Benin gan-an ni wọ́n ti ké gbàjarè lórí ayédèrú oògùn ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, 2009.

Nítorí náà, kí obìnrin náà má ṣe sọ kápúsù di méjì. Kó lọ sí ọsibítù, ní Bassila tàbí ibi tó bá sún mọ́ ọn, kó bèèrè fún àyẹ̀wò ìtọ̀ kó tó lo oògùn mìíràn: wọn á gbin kòkòrò inú rẹ̀, wọn á fi oríṣiríṣi oògùn dán an wò, èsì á jáde láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí ibà tàbí ẹ̀yìn ríro bá bá a, tàbí bó bá lóyún, kó lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí àrùn náà lè dé kíndìnrín.