Ta Ni Ó Ni Ìbò Lórí Owó Omi?

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ omi oko ní Kalifọ́níà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1887 ni wọ́n ṣòfin níbẹ̀ pé bí onílẹ̀ 50 bá kọ̀wé bẹ̀bẹ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn olùdìbò sì gbà, agbègbè wọn lè dá ìgbìmọ̀ omi sílẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ náà tó yáwó láti gbẹ́ ọ̀nà omi, wọn a tún dìbò. Owó ilẹ̀ ni wọ́n sì fi ń san gbèsè. Ọlọ́lá àti ọkùnrin tí kò ní éékà kan, ìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní (a kò tí ì fún obìnrin ní ìbò níbẹ̀ nígbà náà). Àwọn onílẹ̀ ńlá bínú, ẹjọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ní 1896 ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá òfin náà láre.

Láti 1996 ni òfin mìíràn, Proposition 218, ti yí nǹkan padà. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ bu owó tuntun lé ilẹ̀ nítorí àtúnṣe ọ̀nà omi, wọn ní láti kọ̀wé sí onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 45, ó kéré tán, ṣáájú ìpàdé, kí ó lè mọ iye tí yóò san. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń wọn ìbò! Ẹni tí yóò san dọ́là 1,000 ní agbára ìlọ́po mẹ́wàá ju ti ẹni tí yóò san 100 lọ. Bí ìdílé mẹ́sàn-án tí yóò san 100 bá gbà, tí ọlọ́rọ̀ kan náà sì kọ̀, ètò náà ti ṣubú. Mo bi àwọn tí ó ń yin òfin yìí: kí ni ìdílé mẹ́sàn-án náà yóò fi bomi rin oko wọn?