Ẹgbẹ́ òṣèlú onígbàgbọ́: kí ni ìbò tí a fún un lè ṣe, kí sì ni kò lè ṣe?

LÈMA, ÌDÁÀṢÀ – Ẹgbẹ́ òṣèlú kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Constitution Party. Ọdún 1992 ni Howard Phillips àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dá a sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, kí wọ́n tó yí orúkọ náà padà ní 1999. Ìwé ìlànà ẹgbẹ́ náà dárúkọ Jésù Kristi, ó sì fẹ́ kí òfin fòpin sí oyún ṣíṣẹ́. Ní ìdìbò ààrẹ ọdún 2008, olùdíje wọn, Chuck Baldwin, rí ìbò tó sún mọ́ 200,000. Ìyẹn kò tó ẹnì kan nínú olùdìbò 500.

Síbẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ kan ṣì ń dìbò fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ní ẹ̀rí ọkàn àwọn kò gbà kí àwọn tẹ̀lé ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì. Ẹ lè bi wá pé kí ló kan ará Ìdáàṣà nínú èyí. Ó kàn wá. Ìlú tí àwọn Kátólíìkì ń rọ́ wá lọ́dọọdún sí ihò àpáta Arigbo kò lè ṣàì bi ara rẹ̀ bóyá ó yẹ kí Kristẹni ní ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀.

Ọ̀nà tí ìbò ń gbà ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ní ìbò jù lọ ní ìpínlẹ̀ kan ló ń kó gbogbo ìbò àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ náà, àyàfi ní Maine àti Nebraska. Ẹni kejì àti ẹni kẹta kò rí nǹkan kan. Ní 1992, Ross Perot rí nǹkan bí 19% ìbò àwọn ará ìlú, ṣùgbọ́n kò rí ìbò aṣojú kan ṣoṣo. Ìbò bẹ́ẹ̀ tún lè ran ẹni tí olùdìbò kò fẹ́ lọ́wọ́. Ní 2000, ìbò 537 péré ni George W. Bush fi borí Al Gore ní Florida. Ralph Nader, tó jẹ́ olùdíje ẹgbẹ́ kẹta, rí ohun tó lé ní 97,000 níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Nader sún mọ́ ti Gore ju ti Bush lọ.

Ṣùgbọ́n a kò ní sọ pé ẹgbẹ́ kékeré kò wúlò rárá. Láti 1869 ni Prohibition Party ti ń pariwo pé kí ìjọba fòfin de ọtí. Ẹgbẹ́ náà kò gba ipò ààrẹ rí. Síbẹ̀ ní 1919, òfin tó de ọtí wọ inú ìwé òfin Amẹ́ríkà, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1933. Ta ló gbé e débẹ̀? Àjọ àwọn ará ìjọ kan tó ń jẹ́ Anti-Saloon League ló ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Kì í fa olùdíje tirẹ̀ kalẹ̀. Democrat tàbí Republican tó bá ṣèlérí láti dojú kọ ọtí ló ń tì lẹ́yìn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́: àwọn adájọ́ tí ààrẹ ẹgbẹ́ Republican yàn ló pọ̀ jù nílé ẹjọ́ gíga tó fagi lé ẹ̀tọ́ náà ní Oṣù Kẹfà 2022. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kékeré wọlé, ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò wọlé.

Ọ̀nà yìí ní owó tirẹ̀ o. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn kò lè yan gbogbo ibi tí ọkọ̀ náà yóò dúró sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gbà kí orúkọ tàbí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú ní àwọ̀ ẹ̀sìn. Ìyẹn kò dí Pásítọ̀ Chris Okotie ti ìjọ Household of God ní Èkó lọ́wọ́ láti du ipò ààrẹ. Ní 2003, lábẹ́ Justice Party, ó rí ìbò tó lé ní 119,000. Ní 2007, lábẹ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó ń jẹ́ FRESH, ó lé díẹ̀ ní 74,000. Ní 2011, ó lé díẹ̀ ní 34,000. Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni Kristẹni tó wà ní Nàìjíríà. Ẹni tí wọ́n ń gba àdúrà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi lè má jẹ́ ẹni tí wọ́n máa tẹ̀ka fún lọ́jọ́ ìdìbò.

Yemi Osinbajo, tí òun náà jẹ́ pásítọ̀ ní ìjọ Ìràpadà, gba inú ẹgbẹ́ ńlá APC, ó sì ṣe igbákejì ààrẹ láti 2015 dé 2023. Ṣùgbọ́n nígbà tí APC ń yan olùdíje ní Oṣù Kẹfà 2022, ìbò 235 ló rí, Tinubu rí 1,271, Pásítọ̀ Tunde Bakare kò sì rí ìbò kan. Ẹgbẹ́ ńlá pàápàá kì í ka oyè ìjọ sí ìbò.

Nílẹ̀ wa níbí

Ìwé òfin Benin ti 11 Oṣù Kejìlá 1990 pa á láṣẹ fún gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ìjọba tí kò ṣe ti ẹ̀sìn kankan. Òdiwọ̀n ìbò tún wà níbẹ̀. Ní ìdìbò aṣòfin Oṣù Kìíní 2023, ẹgbẹ́ tí kò bá ní 10% ìbò orílẹ̀-èdè kò ní ìjókòó. Mẹ́ta péré ló kọjá: UPR, BR àti Les Démocrates. FCBE, tó ti jẹ́ ẹgbẹ́ ìjọba rí, kò rí nǹkan kan. Òfin 2024 gbé òdiwọ̀n náà sí 20% ní ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan nínú ẹkùn 24. Ní ìdìbò Oṣù Kìíní 2026, UPR àti BR nìkan ló pín gbogbo ìjókòó 109. Les Démocrates rí nǹkan bí 16% ìbò, wọn kò ní aṣòfin kan.

Ẹ fi ojú ọjà wò ó: bí gàrí rẹ kò bá kún òṣùwọ̀n, wọn kò ní san ìdajì owó fún ọ, àwo ẹlòmíràn ni wọ́n máa da gàrí náà sí. Tí ẹgbẹ́ tó ní 16% bá lọ lófo, ẹgbẹ́ ìjọ kan ṣoṣo yóò ti ṣe é?

Síbẹ̀, onígbàgbọ́ ti ṣe ohun ńlá nínú òṣèlú wa rí. Ní Oṣù Kejì 1990, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló darí àpérò gbogbogbòò ní Kútọnu, èyí tó mú wa kúrò nínú ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Gbogbo apá lè fọkàn tán an torí pé kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú, kò sì du ipò ààrẹ ní 1991. Ní 1996, nígbà tí Mathieu Kérékou, tó ti di onígbàgbọ́, fo ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá nínú ìbúra rẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ní kó tún un búra. Ó sì tún un búra. Ìbúra ààrẹ jẹ́ ti gbogbo wa, Kristẹni, Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe.

Èrò wa nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìbò rẹ̀ jẹ́rìí nìkan lè fún ẹgbẹ́ kékeré, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ẹ̀rí ló jẹ́, kì í ṣe ìjókòó. Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin yí padà, kó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá olùdíje tó lè wọlé, kó bi í ní gbangba kí ìdìbò tó dé, kó sì kó àwọn aládùúgbò tí wọn kò jọ ṣe ìjọ kan náà dání. Iṣẹ́ yìí le ju dídá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ. Òun ló sì ń dé ilé aṣòfin.