Agbádá kò mọ aago

Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé ní Ìlú Ọba, káàdì ìgbéyàwó á bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn àgbà ẹ̀ka wa tó ń gbé níbẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ni ètò, abẹ́ àgọ́ ńlá nínú pápá ìgbèríko ni wọ́n ti máa ṣe é, wọ́n á sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "black tie". Ìbéèrè méjì ló máa ń tẹ̀lé e. Àkọ́kọ́: ta ní ń wọ aṣọ alẹ́ lójú oòrùn? Èkejì: ṣé kí n gbé agbádá wọ̀ ni, àbí kí n lọ háyà tuxedo? Èkejì ló ká mi lára, ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ náà ní ìtàn tó dùn.

Aṣọ tí wọ́n ń pè ní black tie ni kóòtù dúdú tí wọ́n fi sẹ́dà bo kọ́là rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bótáì dúdú. Obìnrin á wọ gáùn tó kanlẹ̀. Nínú àṣà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí èèyàn tó wọ̀ ọ́. Òfin ìlú pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu: títí di ọdún 2012, ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn ní England àti Wales kò lè ṣègbéyàwó kọjá aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ibi àsè nìkan ni aṣọ alẹ́ ti ríṣẹ́ ṣe nígbà náà.

Síbẹ̀, ìgbèríko ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kóòtù yìí. Ní 1865, ọmọ ọba tó padà di Edward Keje ní kí Henry Poole, télọ̀ ní Savile Row, rán kóòtù kúkúrú kan fún òun, kí òun lè máa fi jẹun alẹ́ ní ilé òun ní Sandringham. Aṣọ ìgbafẹ́ ni lójú tiwọn! Ẹ wo bí ìtumọ̀ ṣe ń yí padà. Lónìí, ohun tí black tie ń sọ lórí káàdì ni pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ múra gidi". Bí olóde bá kọ ọ́, ẹ tẹ̀lé e, kódà bí oòrùn bá ń ràn. Bí kò bá kọ ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Kóòtù línẹ́nì ti tó.

Ó wá ku agbádá. Ẹ wo orúkọ tí àwa ń pe aṣọ: aṣọ iṣẹ́, aṣọ ilé, aṣọ àmúròde, aṣọ ẹ̀yẹ. Ìwúwo òde la fi pín wọn, kì í ṣe wákàtí. Ẹni tó wọ sányán tàbí ẹtù láàárọ̀ kò ní í pààrọ̀ rẹ̀ torí pé ilẹ̀ ṣú. Nítorí náà, ẹni tó gbé agbádá aṣọ òkè wọ̀ pẹ̀lú fìlà, tàbí tó wé gèlè sórí ìró àti bùbá, ti dáhùn ohun tí káàdì béèrè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀: ìwé ìpè sí àsè ńlá máa ń fi "national dress" kún un.

Kí ló dé tí a ṣe ń háyà tuxedo nígbà tí aṣọ òkè Ìsẹ́yìn wà nínú àpótí? A ti kọ́ ọ ní kíláàsì pé èdè kì í kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ilé ìwé ni wọ́n á ti kọ́kọ́ lé e jáde, lẹ́yìn náà ọjà, títí yóò fi ku èdè tí ìyá àgbà ń sọ nínú ilé ìdáná. Bí aṣọ wa náà bá ti di ti àríyá Yorùbá nìkan ní London, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ á sì máa rò pé aṣọ eré orí ìtàgé ni.

Mi ò ní kí ẹ lọ gba òde mọ́ olóde lọ́wọ́ o. Obìnrin tó fẹ́ wọ léèsì funfun, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìyàwó. Gèlè tó ga bí òrùlé, ẹ dín in kù, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè rí ọkọ àti ìyàwó. Bàtà gogoro kò sì dára nínú pápá, torí gìgísẹ̀ rẹ̀ á máa rì sínú koríko. Ẹ wá bàtà pẹlẹbẹ.